Àpótí Tí A Kò Tíì Ṣí

Ní Tokai, létí òkun, lóṣù kìíní ọdún,
afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè ń là bí èèpo ẹ̀pà.
Ìyá mi ń tẹ́ ànàmọ́ sórí àwọ̀n:
ó ti sè é, ó ti bó o, ó ti fi wáyà là á pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ.
"Kikuno, kí lẹ tiẹ̀ ń wá lábẹ́ igi páìnì yẹn?
Ọdún kẹsàn-án rèé, o ò mú nǹkan kan bọ̀ wálé."

Ikú kan là ń wá, Ìyá.
Kì í ṣe ikú ènìyàn.
Èérún kan wà tó ń jẹ́ káọ́nù:
kí ẹ tó ṣẹ́jú, òun àti ìran rẹ̀ ti lọ.
Ọ̀nà tó ń gbà túká pọ̀, a mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà oko,
àfi ọ̀kan tí koríko bò.
Nínú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù tó bá kú,
ìṣirò ní mẹ́ta péré ni yóò gba ibẹ̀.
Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ìṣirò jàre, ká lọ sùn.
Bó bá di ogún,
a jẹ́ pé àlejò kan ń gbé inú ayé yìí pẹ̀lú wa,
tó ń jẹun, tí abọ́ rẹ̀ kì í dún.

Ó bi mí bí a ó ṣe dá a mọ̀.
Mo ní ìmọ́lẹ̀ méjì ni yóò ta lu kírísítàlì;
nútírínò méjì yòókù á gba ara irin kọjá, á gba ara òkè,
wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni.
"Ohun tí ẹ kò rí lẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí?"
Bẹ́ẹ̀ ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ànàmọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òru ni tèmi àti Tobita,
ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí etí òsì rẹ̀ ti di,
tó máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.
Iṣẹ́ wa ni ká máa lé ayédèrú:
nútírọ́ọ̀nù tó ṣìnà, ìmọ́lẹ̀ tí kò ní baba,
èyí tó jọ ọ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́.
Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.
Lóru ọjọ́ kan ilẹ̀ mì.
Ife kọfí Tobita rìn lórí tábìlì, ó dúró sí bèbè.
Ó gbé e, ó mu ún.

Lórí àwòrán a ya àpótí kan.
Ohun yòówù tó bá bọ́ sínú rẹ̀,
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú wò ó kí iṣẹ́ tó parí,
torí ojú tí ebi nǹkan bá ń pa
á rí i, bí kò tilẹ̀ sí.

Lóṣù kẹsàn-án a ṣí i.
Àmì kan.
Ẹyọ kan ṣoṣo, bí ìgbẹ́ eṣinṣin lára ògiri funfun.
Kò sẹ́ni tó pariwo.
Tobita bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
Àmì náà ṣì wà níbẹ̀.
Fún oṣù mẹ́ta mo ń lá a lálàá,
mo ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mito bí oyún tí a kò tíì sọ fún ẹnìkan.
Ẹ̀yìn náà la rí i: ẹ̀gbọ́n káọ́nù ni, èyí tó ní iná lára,
tó wọ aṣọ àbúrò rẹ̀ yọ́ wọlé.
A pa á rẹ́.
Àpótí ṣófo.
Mo ṣí omi ẹ̀rọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Oṣù kìíní tún dé.
Ìyá mi kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó mú ànàmọ́ kan sápá ibi tí oòrùn wà,
ó fi ohun funfun tó hù lára rẹ̀ hàn mí.
"Mi ò fi ṣúgà sí i o. Inú rẹ̀ ló ti jáde.
Ọdún mìíràn á jáde, ọdún mìíràn kò ní jáde,
bákan náà ni mo sì ń ṣe é."
Ó fi bébà di mẹ́fà fún Tobita.

Lágogo mẹ́wàá alẹ́ mo gun kẹ̀kẹ́ gba àárín igi páìnì.
Pírótọ́ọ̀nù ti tún ń sáré.
A ya àpótí tuntun,
a kọ ẹ̀yìn sí i,
a ń jẹ ànàmọ́.